Doomsday àti Dune 3 lọ́jọ́ kan náà: èló ni kálukú wọn máa pa?

Aṣírò_Sinimá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2026. Avengers: Doomsday, fíìmù àwọn akọni Marvel ti ilé iṣẹ́ Disney, yẹ kó jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, wọ́n wá sún un lọ síbẹ̀. Warner Bros. ti mú ọjọ́ yẹn sílẹ̀ kí Disney tó dé, Dune: Part Three ni wọ́n sì fi síbẹ̀, wọn ò yẹ̀. Àwọn èèyàn ti sọ ọjọ́ náà ní "Dunesday."

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ni nọ́ńbà mẹ́ta fún fíìmù kọ̀ọ̀kan: owó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àpapọ̀ owó ibẹ̀ títí fíìmù á fi kúrò lórí àtẹ, àti ti gbogbo àgbáyé. Ẹ fi ìṣirò yín hàn. Ẹni tó bá kọ "á pa owó burúkú" láìkọ nọ́ńbà, a ò ní kà á. Mílíọ̀nù dọ́là ni gbogbo nọ́ńbà ibí yìí, àfi tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kí n fi tèmi ṣí i: Doomsday 240, Dune 70. Ìlọ́po ni kò yé mi tó, ìyẹn àpapọ̀ owó tí a bá fi owó ọjọ́ mẹ́ta pín. Àwọn fíìmù akọni kan tó jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí ò ju bí 2.3 lọ. Captain America: Brave New World (2025) pa 88.8, ó parí sí bí 200. The Fantastic Four: First Steps (2025) pa 117.6, ó parí sí bí 274. Tí mo bá fi 2.3 sọ 240 di púpọ̀, 552 ló bọ́ sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

Ìyálójà_Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gbọ́n, ibi 2.3 yẹn gan-an lẹ ti ṣìnà. Oṣù Kejì àti oṣù Keje lẹ ti mú un wá, ẹ wá fẹ́ fi wọn oṣù Kejìlá. Fíìmù tó bá jáde lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ní ọjà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ iléèwé ti gba ọlidé, òṣìṣẹ́ púpọ̀ wà nílé, ojoojúmọ́ wá ń tà bí òpin ọ̀sẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rìnlá. Star Wars: The Force Awakens pa 40 ní Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan. Fíìmù wo ló ń pa ìyẹn ní Ọjọ́ Ajé oṣù Kejì?

Ẹ wá wo kàlẹ́ńdà. Ní 2026, àìsùn Kérésìmesì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, Kérésìmesì bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní ọdún tuntun náà bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì. Tí a bá yọ 2020 tí àrùn kòrónà ti ilé sinimá pa kúrò, ọdún méjì tó kẹ́yìn tí kàlẹ́ńdà rí báyìí ni 2009 àti 2015. Nínú méjèèjì, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá gan-an ni fíìmù ńlá jáde.

2009: Avatar pa 77. Òpin ọ̀sẹ̀ kejì, 75.6. Ó fi 1.8% péré jábọ́, ó sì parí sí bí 750 kí wọ́n tó tún un gbé jáde lẹ́yìn ìgbà náà. Ìlọ́po 9.7.

2015: Star Wars: The Force Awakens pa 247.9. Òpin ọ̀sẹ̀ kejì, 149.2, ó fi 39.8% jábọ́. Ó parí sí 936.7. Ìlọ́po 3.8.

Ohun tó fà á ni pé àìsùn Kérésìmesì ló máa ń ba ọjà jẹ́ jù lásìkò yẹn: àfihàn alẹ́ kì í pọ̀, oníkálukú ti lọ bá ẹbí rẹ̀. Kérésìmesì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti ọ̀sán lọ, èrò á máa ya ni. Tí àìsùn bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, òpin ọ̀sẹ̀ kejì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá bọ́ sáàárín Ọjọ́ Ẹtì sí Ọjọ́ Àìkú, ó ti jẹ ọjọ́ kan nínú mẹ́ta. Ẹ wo Spider-Man: No Way Home ní 2021. Àìsùn bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì, 260.1 di 84.5, ó jábọ́ 67.5%. Star Wars: The Last Jedi ní 2017, tí àìsùn bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú, 220 di 71.6. Rogue One ní 2016, Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, 155.1 di 64.3. Àwọn kan sáré kọ nígbà náà pé àwọn fíìmù yìí ti kú. Kò sí èyí tó kú nínú wọn. No Way Home kọjá 800 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan.

Nítorí náà, 2.3 kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3.3 fún Doomsday, kí ẹ wá máa gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀.

Gbọ̀ngàn_Keje

Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà yẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ yọ Avatar kúrò nínú ẹ̀. 77 rẹ̀ kéré nítorí pé ayé tuntun ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ìjì yìnyín sì tún bo ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Àtẹnudẹ́nu ló gbé e. Ẹni tó máa wo Avengers kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìjáde gan-an ni wọ́n máa rọ́ lọ.

Ìpín alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ máa wò. Owó àfihàn Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ti Ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà ó wà nínú owó ọjọ́ mẹ́ta. Avengers: Endgame (2019) pa 60 ní Ọjọ́bọ̀ nínú 357.1, ìyẹn 17%. Deadpool & Wolverine (2024), 38.5 nínú 211.4, 18%. Ẹ wá wo Oppenheimer (2023): 10.5 nínú 82.4, 13%. Sinners (2025): 4.7 nínú 48, kò ju 10% lọ. Bí ìpín yẹn bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni fíìmù ń tètè gbẹ, torí àwọn tó ń kánjú ti wò ó tán. Endgame, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, ìlọ́po 2.4 ló ṣe.

Oṣù Kejìlá á fún Doomsday ní àlékún, mi ò jiyàn. 3.1 ni mo fún un. Ó lè dé 3.3 tí ó bá dùn.

Ìyálójà_Tíkẹ́ẹ̀tì

Mo gbà pé Avatar ò ṣeé fi wọn Doomsday. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú nù, torí Dune. Ní oṣù Kejìlá, fíìmù tó bá jáde lábẹ́ òjìji ẹlòmíì máa ń pẹ́ lórí àtẹ. Ọjọ́ kan náà pẹ̀lú The Force Awakens ni Sisters jáde. 13.9 ló pa, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó parí sí 87, ìlọ́po 6.3. Fíìmù Alvin and the Chipmunks ìkẹrin náà jáde lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú 14.3, ó parí sí bí 86. Ẹni tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì Star Wars, tàbí tó ti wò ó tán lọ́sẹ̀ kìíní, ó ṣì wà nílé títí ọdún fi pé, ó sì fẹ́ jáde. Dune: Part Two ṣe 3.4 nínú oṣù Kẹta (82.5, ó parí sí 282) láìsí ọlidé bíi ti Kérésìmesì. Kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti ṣe 4.3 ní oṣù Kejìlá?

Àlejò_Ilé_Sinimá

Ẹ dákun, ìbéèrè kan. Kí ló dé tí gbogbo èyí fi le? Barbie àti Oppenheimer jọ jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2023, àwọn méjèèjì là.

Ojú_70mm

Ìbéèrè tó dáa ni. Barbie pa 162, Oppenheimer 82.4, àpapọ̀ ọjà òpin ọ̀sẹ̀ yẹn lé ní 300. Ìdí méjì ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Àkọ́kọ́, oníbàárà wọn yàtọ̀: obìnrin ló pọ̀ jù níbi Barbie, ẹni tó sì lọ wo méjèèjì, àwàdà tirẹ̀ ni. Ìkejì, wọn ò jà lórí gbọ̀ngàn IMAX, èyí tí ojú àwòrán rẹ̀ tóbi ju ti gbọ̀ngàn lásán lọ. Oppenheimer gbà á, Barbie ò bèèrè.

Doomsday àti Dune ń wá oníbàárà kan náà: ọkùnrin láti ọmọ ọdún 18 sí bí 40, tó fẹ́ ojú àwòrán tó tóbi jù, tó sì ṣe tán láti san àfikún owó lé e. Ìròyìn tó jáde ni pé Dune ló gba IMAX fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn tó.

Gbọ̀ngàn IMAX ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó bí 400. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn tó wà níbẹ̀, bí 1% ni. Síbẹ̀, owó tó ti inú rẹ̀ wá fún Dune: Part Two lé ní ìdá kan nínú márùn-ún owó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ti Oppenheimer tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ́n jù, ó sì ń kún láago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú nígbà tí gbọ̀ngàn lásán ṣófo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: Mission: Impossible – Dead Reckoning jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2023. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, Oppenheimer gba IMAX. 54.7 di 19.5, ó jábọ́ 64%, ó parí sí bí 172. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, Fallout (2018), jábọ́ 42% lópin ọ̀sẹ̀ kejì, ó parí sí 220. Kì í ṣe IMAX nìkan ló fa ìyàtọ̀ yẹn, Barbie náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kó ipa tirẹ̀.

Kí a má baà sọ àsọdùn ṣá: Doomsday ò ní wà láìní gbọ̀ngàn ńlá. Dolby Cinema wà, ọ̀pọ̀ ilé sinimá sì ní gbọ̀ngàn ńlá tiwọn tí wọ́n fún lórúkọ ara wọn. Tí a bá kó ìwọ̀nyí pọ̀, wọ́n pọ̀ ju IMAX lọ fíìfíì. Mo fi 12 sí 18 dọ́gba sí ohun tí Doomsday máa pàdánù lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹni tí kò rí IMAX á lọ gbọ̀ngàn mìíràn, iye owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló kàn máa dín kù.

Aka_Ìjókòó

Ẹ wo oṣù Keje 2026 náà, wọ́n ti ń yàgò fún ara wọn níbẹ̀. The Odyssey ti Christopher Nolan wà ní ọjọ́ 17, kámẹ́rà IMAX ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀. Spider-Man: Brand New Day wà ní ọjọ́ 24 tẹ́lẹ̀, Sony sún un sí ọjọ́ 31. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀sẹ̀ kan tí Nolan ní nínú IMAX di méjì, ó sì fún Sony ní àyè tó ṣeé dúnàádúrà lé lórí. Disney àti Warner ló kọ̀ láti yàgò fún ara wọn.

Agogo_Mẹ́wàá

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ IMAX, kò sẹ́ni tó ṣírò àyè. Ẹ jẹ́ ká mú ilé sinimá oní gbọ̀ngàn 12.

Endgame gba ìṣẹ́jú 181. Ká ní Doomsday ò jìnnà síyẹn: wákàtí mẹ́ta, ìpolówó 20 ìṣẹ́jú, gbígbálẹ̀ àti wíwọlé 20 ìṣẹ́jú. Ìyẹn wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 40 fún àfihàn kan. Tí ilé bá ṣí láago mẹ́wàá àárọ̀: 10:00, 13:40, 17:20, 21:00. Mẹ́rin ni. Fíìmù wákàtí méjì á rí márùn-ún nínú gbọ̀ngàn kan náà, kí àárín òru tó tó. Dune: Part Two gba ìṣẹ́jú 166. Tí ìkẹta bá rí bẹ́ẹ̀, mẹ́rin ni òun náà máa rí.

Ká fún Doomsday ní gbọ̀ngàn 6, àfihàn 24. Tí gbọ̀ngàn bá gba èèyàn 180, ìjókòó 4,320 lójúmọ́. Dune gba 3, àfihàn 12. Mẹ́ta tó kù ni ti àwọn fíìmù ọmọdé àti gbogbo ìyókù, wọn ò sì lè fún wọn ní kékeré ju ìyẹn lọ lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, ibẹ̀ ni owó gúgúrú àti ohun mímu wà. Gúgúrú ló ń bọ́ onílé sinimá, ẹ rántí.

Alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ́ ni wàhálà, kò sí bí ò ṣe ní kún. Ìjókòó tó ń ṣòfò ni ti ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì àti alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, fíìmù gígùn sì ń fipá mú onílé láti fi àfihàn kan nínú mẹ́rin sí wákàtí tí kò tà. Onílé tó gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ gbọ̀ngàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan. Ó ń fi bí ìṣẹ́jú 35 jìnnà síra, kí ẹni tó pẹ́ dé lè rí òmíràn wọ̀, kí ìlà gúgúrú má baà dé ojú títì.

Bóyá àyè tó nínú gbogbo ọjà? Ó tó. Òpin ọ̀sẹ̀ tí Endgame jáde, gbogbo fíìmù pa bí 400 pọ̀, nínú ilé sinimá 4,662 ni Endgame sì wà. Àdéhùn ni kí ẹ bẹ̀rù. Nígbà The Last Jedi, wọ́n ròyìn pé Disney gba 65% owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí fíìmù náà wà nínú gbọ̀ngàn tó tóbi jù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá tún wà, tí Doomsday bá tilẹ̀ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, onílé ò ní lè gbé Dune wọ gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀. Àfi IMAX nìkan.

Owó_Ọjà

Kí a tó máa ṣépè fún ẹnikẹ́ni pé "fíìmù yìí ti fọ́," ẹ jẹ́ ká mọ iye tó ń wọ àpò ilé iṣẹ́. Àwọn kan ń sọ pé tí fíìmù bá ti pa ìlọ́po 2.5 owó tí wọ́n fi ṣe é, ó ti jèrè. Òfin yẹn wúlò fún àròsọ, ṣùgbọ́n ibi tí owó ti wá ló ṣe kókó. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ilé iṣẹ́ ń rí bí ìdajì. Ní ilẹ̀ yòókù, bí 40%. Ní Ṣáínà, 25% péré.

Ẹ mú Dune: Part Two. 190 ni wọ́n ròyìn pé wọ́n fi ṣe é, ó pa bí 714. Nínú ẹ̀:
282 ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìdajì rẹ̀ 141.
Bí 49 ti Ṣáínà, ìdá mẹ́rin rẹ̀ 12.
Bí 383 ti ìyókù, 40% rẹ̀ 153.
Àpapọ̀ 306. Yọ 190, ó ku 116 tí wọ́n á fi dí owó ìpolówó. Fíìmù tó tóbi báyìí ń jẹ 100 sí 150 lórí ìpolówó, nítorí náà inú ilé sinimá nìkan ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san gbèsè ara rẹ̀. Títà sórí íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n ni èrè.

Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé Dune ò nílò láti borí Doomsday. Tí owó ṣíṣe bá wà nítòsí ti ìṣáájú, 650 káàkiri àgbáyé kì í ṣe àjálù. Ti Doomsday ló le: owó ṣíṣe Endgame tí wọ́n ròyìn lé ní 350. Tí èyí bá jọ ọ́, bílíọ̀nù kan dọ́là á dà bí ìjákulẹ̀.

Aṣírò_Sinimá

Ẹ ṣeun. @Aka_Ìjókòó, ẹ̀yin lẹ máa ń ka tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ṣáájú. Báwo la ṣe máa kà á fún fíìmù méjì lẹ́ẹ̀kan?

Aka_Ìjókòó

Bákan náà ni, sùúrù ló gbà. Ẹ yan bí ilé sinimá 20 tí kò ní yí padà: àwọn ti ìlú ńlá, ti ìgbèríko, àwọn tó wọ́n, àwọn tí kò wọ́n. Kí wọ́n jẹ́ irú èyí tó ń fi àwòrán ìjókòó hàn nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wákàtí kan náà lálaalẹ́ ni kí ẹ kà á. Ẹ kọ iye àfihàn Ọjọ́bọ̀, iye ìjókòó tó wà, iye tó ti lọ.

Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan. Ẹ gbọ́dọ̀ fi wé fíìmù àtijọ́ tí ẹ kà nínú ilé sinimá kan náà, nígbà tó ku iye ọjọ́ kan náà. Àpẹẹrẹ: ó ku ọjọ́ méje, fíìmù tuntun ti ta 3,150, Deadpool & Wolverine sì ti ta 4,500 nígbà tirẹ̀. Ìpín 0.7. Deadpool pa 38.5 ní Ọjọ́bọ̀, 0.7 rẹ̀ jẹ́ 27. Tí Ọjọ́bọ̀ bá jẹ́ 17% owó ọjọ́ mẹ́ta, 159 nìyẹn. Tó bá jẹ́ 14%, 193. Ẹ rí i bí ìpín kékeré ṣe ń gbé nọ́ńbà lọ. Ẹ̀yin tó ń fi ìwé ìjókòó sọ owó ọjọ́ mẹ́ta ní ṣókí, ẹ máa rọra.

Ohun tó ń bà á jẹ́: onílé máa ń dí ìjókòó kan pa fún ara rẹ̀ tàbí fún aláàbọ̀ ara, ẹ ó rò pé wọ́n ti rà á. Ìlà àkọ́kọ́ ni ẹ ti máa ń rí i jù. Tí ìjókòó kan náà bá "lọ" nínú gbogbo àfihàn gbọ̀ngàn kan, ẹ yọ ọ́. Èyí tí ẹnìkan gbé sínú apẹ̀rẹ̀ tí kò sì tíì sanwó náà á hàn bí èyí tó ti lọ, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á padà. Onílé tún lè fi àfihàn kún un lójijì ní ọjọ́ mẹ́ta sí i; ìjókòó tó ṣófo á pọ̀, kì í ṣe pé ọjà ti dákẹ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ti gòkè láti 2024, ẹ fi ìyẹn kún un.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù fún wa lọ́dún yìí ni IMAX. Wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì The Odyssey nínú àwọn gbọ̀ngàn IMAX 70mm kan (àwọn tó ń fi téèpù fíìmù gidi hàn) láti ọjọ́ 17 oṣù Keje 2025, ọdún kan gbáko ṣáájú. Tí Dune bá ṣe irú ẹ̀, ìwé ìjókòó rẹ̀ á dà bíi ti fíìmù tó fẹ́ fọ́ ayé, bẹ́ẹ̀ olólùfẹ́ paraku nìkan ló ń rà á. Ẹ ya IMAX sọ́tọ̀ nínú ìwé yín. Ẹ fi gbọ̀ngàn lásán wé gbọ̀ngàn lásán. Tí IMAX ti kún bámúbámú tí gbọ̀ngàn lásán sì ń fà, owó Ọjọ́ Àbámẹ́ta ò ní pọ̀.

Gbọ̀ngàn_Keje

Mo gba èyí. Mo tún fi kún un pé tí Sọ́ńdè àkọ́kọ́ bá dé, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà àárọ̀ ọjọ́ yẹn tàn yín jẹ. Àfojúsùn ilé iṣẹ́ ni, wọn ò tíì pa owó Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ni òótọ́ ń jáde. Joker: Folie à Deux (2024) sọ 40 ní Ọjọ́ Àìkú, ó di 37.7.

Àti CinemaScore, máàkì tí àwọn òǹwòran ń fún fíìmù. Láti A+ dé F ni, wọ́n ń bi àwọn tó jáde láti inú àfihàn alẹ́ àkọ́kọ́. Olólùfẹ́ ló pọ̀ jù lára wọn, ìdí nìyí tí B+ fún fíìmù olólùfẹ́ fi burú. The Rise of Skywalker (2019) gba B+, ìlọ́po 2.9 ló ṣe, nínú oṣù Kejìlá! Joker kejì yẹn gba D, ó jábọ́ 81% ní ọ̀sẹ̀ kejì. Sinners gba A, 48 di 45.7. Tí Doomsday bá gba A, mo gbé ìlọ́po mi lọ sí 3.3. B+, mo já a sí 2.8.

Ojú_70mm

Kí a tó gbàgbé ilẹ̀ yòókù. Endgame rí ohun tó lé ní 600 ní Ṣáínà. Ẹ má kà á mọ́ ti Doomsday. No Way Home ò wọ Ṣáínà rárá, ó pa bí bílíọ̀nù 1.9 káàkiri àgbáyé. Ne Zha 2 kọjá bílíọ̀nù méjì ní 2025, Ṣáínà ló ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Fíìmù ilé wọn ló ń tà fún wọn. Mo fún Doomsday ní 120 níbẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí i.

Ìyálójà_Tíkẹ́ẹ̀tì

Nọ́ńbà mi nìyí. Doomsday: 225, ìlọ́po 3.4, 765, àgbáyé bílíọ̀nù 1.8. Dune: 68, ìlọ́po 4.3, 292, àgbáyé 750. Mo dín owó ọjọ́ mẹ́ta Dune kù sí ti ìkejì nítorí Doomsday, kì í ṣe nítorí pé wọn ò fẹ́ ẹ. Ohun tó bá pàdánù lọ́jọ́ 18, àárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun ló máa ti gbà á padà.

Gbọ̀ngàn_Keje

Doomsday: 205, 3.1, 636, àgbáyé bílíọ̀nù 1.5. Dune: 62, 4.4, 273, àgbáyé 690.

Aṣírò_Sinimá

Mo fa 552 mi padà. 230, ìlọ́po 3.3, 759, àgbáyé bílíọ̀nù 1.75. Dune 66, 4.3, 284, àgbáyé 720. Mo ti kọ ti gbogbo yín sínú táblì. Ẹni tó bá yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, kó kọ ọjọ́ tó yí i, kí á má baà gbọ́ "mo ti sọ bẹ́ẹ̀" lẹ́yìn tí ọjà bá tú.

Àlejò_Ilé_Sinimá

Ó yé mi wàyí. Ọjọ́ wo ni kí n máa wò jù lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

Ìyálójà_Tíkẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Ajé 21 sí Ọjọ́rú 23. Tí owó ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró lójú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ 24 á já, ẹ má sáré wá kọ pé ó ti kú. The Force Awakens pa 38 ní Ọjọ́rú, ó já sí 27.4 ní àìsùn, ó sì fò sí 49.3 ní Kérésìmesì.